Láàpútọ́ọ̀pù mi kò gbé iṣẹ́ yìí mọ́: ta ló ti yá kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì lò rí ní Àkúrẹ́?

Ayàwòrán Ọba-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwòrán ilé ni mò ń yà, mo sì ti ń dá ṣiṣẹ́ ní Ọba-Ilé láti bí ọdún méjì. Láàpútọ́ọ̀pù mi ní RAM 8GB, kò sì ní káàdì àwòrán (ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò àwòrán) tó dá dúró. Ilé gbígbé kì í yọ ọ́ lẹ́nu, àní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pàápàá. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ló fẹ́ ṣẹ́ mi lápá: òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 42. Fáìlì rẹ̀ nínú Revit, ètò tí mo fi ń ya ilé, ti lé ní 600MB. Bí mo bá ní kó ṣí, mo lè wẹ̀, kí n jẹun, kí n padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Inú Blender, ètò mìíràn, ni mo ti ń ṣe rẹ́ńdà, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò àwòrán ilé náà kó dà bíi fọ́tò. Lánàá, mo fi àwòrán iwájú ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ kó máa lọ. Ó di wákàtí keje, iná lọ, bátìrì mi kò sì lè gbé e dé òpin. Gbogbo wákàtí yẹn ṣòfò.

Iye tí wọ́n pe kọ̀ǹpútà tó lè gbé e fún mi ju owó tí màá gbà lórí iṣẹ́ náà lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé èèyàn lè yá kọ̀ǹpútà alágbára tó wà lókè òkun, kó sì máa lò ó láti orí láàpútọ́ọ̀pù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bí ẹni pé iwájú rẹ̀ ló wà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé nẹ́tíwọ̀kì tiwa níbí á gbé e? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n fi àwòrán han oníbàárà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Onírẹ́ńdà Ìjàpọ̀

Òótọ́ ni. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn láti bí ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló máa ń náwó dànù.

Kọ̀ǹpútà gidi ni, ó wà nínú ilé ńlá kan tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ sí. Windows wà lórí rẹ̀, ẹ ó fi Revit àti Blender yín sí i, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìṣirò ti ń wáyé. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ yín kò ju àwòrán ojú rẹ̀ lọ, bí ìgbà téèyàn ń wo fídíò. Ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ yín lọ ni ibi tí ẹ ti máòsì sí àti bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù lásán fi lè ṣí fáìlì 600MB: fáìlì yẹn kò dé orí fóònù rárá.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ ní Àkúrẹ́, kò kan ẹ̀rọ yẹn. Ẹ lè pa láàpútọ́ọ̀pù yín, kí ẹ lọ sùn, rẹ́ńdà á máa lọ. Tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ ó wò ó lórí fóònù, ẹ ó rí i pé ó ti parí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń da epo lítà mẹ́wàá sí jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ́ńdà òru kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó epo yẹn ló ń jẹ èrè iṣẹ́ tán.

Bí ẹ ṣe máa yá a: àwọn kan ti tò ó sílẹ̀ fún yín, bíi Shadow àti Vagon. Ẹ kàn máa sanwó, ẹ ó wọlé. Àwọn mìíràn bíi Amazon, Google àti Microsoft, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣa irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì máa san án ní wákàtí-wákàtí. Lọ́dọ̀ Amazon, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní g4dn ní káàdì NVIDIA T4 pẹ̀lú mẹ́mórì 16GB. Èyí tó kéré jù nínú wọn kì í tó dọ́là 1 fún wákàtí kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba owó olóṣooṣù: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní káàdì àwòrán, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́la: lórí àkáùntì Amazon tuntun, iye ẹ̀rọ oníkáàdì àwòrán tí wọ́n gbà yín láyè láti ṣí sábà máa ń jẹ́ òdo. Ẹ ní láti kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fi kún un, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Tèmi gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàka

Àbúrò, kú iṣẹ́. Kí o tó san kọ́bọ̀, tún fáìlì yẹn ṣe. 600MB ti pọ̀ jù fún òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 42. Ó dá mi lójú pé o wa àga, bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o sì kó wọn síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, èyí tí ẹni tó ṣe wọ́n ti ya gbogbo ìṣó àti ìdérí wọn. Ó sì ṣeé ṣe kó o ti fi Import mú DWG (fáìlì AutoCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn) wọlé pátápátá, dípò Link tó kàn ń so ó mọ́ ọn. Yọ wọn. Ṣe Purge Unused, tó ń yọ ohun tí a kò lò, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí o bá ń ṣí fáìlì, fi àmì sí Audit, tó ń yẹ fáìlì wò fún àṣìṣe. Yàrá tó jọra, yà á lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bíi fáìlì tirẹ̀, kí o wá so ó mọ́ ilé náà níye ìgbà tó yẹ. Ní ọ́fíìsì wa, a ti fi ọ̀nà yìí dín fáìlì 480MB kù sí 170MB láàárín ọ̀sán kan.

Ìkejì, èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ: nígbà tí o bá ń ya ilé, orí (core) kan ṣoṣo nínú prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni Revit máa ń lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. O lè yá ẹ̀rọ olórí 16, kí Revit má sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. RAM tó pọ̀ á ràn ọ́ lọ́wọ́, ìyẹn dájú, torí 8GB tìrẹ ti kún ló ṣe ń fà. Ṣùgbọ́n rẹ́ńdà ló mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ káàdì àwòrán tán. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o máa ya ilé lórí ẹ̀rọ tìrẹ lẹ́yìn tó o bá ti tún fáìlì ṣe, kí o sì yá ẹ̀rọ fún rẹ́ńdà nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sórí ẹ̀rọ àyálò láti àárọ̀ dalẹ́ lójoojúmọ́, owó rẹ̀ á tó ra kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀.

Má sì jẹ́ kó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wá já nítòsí Abidjan, tó fi mọ́ WACS àti MainOne. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ohun tó wà lókè òkun lè di ohun tí ọwọ́ èèyàn kò tó. A ní iṣẹ́ tó yẹ ká fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ bá ọ.

Onísáfà Òkè-Àró

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ fáìlì. Ẹ jẹ́ kí n mú ti nẹ́tíwọ̀kì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù.

Dátà tó yára kò tó. Ohun tó máa ń mú kí máòsì dà bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ ni àkókò àlọ àti àbọ̀, èyí tí a ń pè ní ping. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn MainOne láti Èkó dé Pọ́túgà tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Àlọ àti àbọ̀ á jẹ́ 14,000, ìyẹn ni 70ms (ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan) kí ẹ̀rọ kankan tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fi ti Àkúrẹ́ sí Èkó kún un, àti ti òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò yín, ẹ ó rí i pé 100 sí 130 ni ẹ máa rí dé Yúróòpù bí nǹkan bá dára. Sí Amẹ́ríkà, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí owó tí ẹ lè san tó máa dín in kù sí 20.

Bó ṣe rí lọ́wọ́ mi nìyí: lábẹ́ 80, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ náà jìnnà. Tó bá wà ní nǹkan bíi 120, ẹ lè yí ilé po, ẹ lè gbé ògiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Tó bá ti kọjá 180, ẹ má fi yàwòrán, ẹ kàn fi rẹ́ńdà sílẹ̀ kó máa lọ. Ibùdó tí Amazon ní sí Cape Town láti 2020 àti ti Microsoft ní Johannesburg láti 2019 lè sún mọ́ wa jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan, torí àwọn nẹ́tíwọ̀kì kan ṣì ń gbé dátà gba Yúróòpù kí ó tó yí padà sí Gúúsù Áfíríkà. Ẹ wọn méjèèjì láti inú ilé yín, ní ọ̀sán àti ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo èèyàn wà lórí ìlà, kí ẹ tó yan ibùdó. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ wà níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ ní Cape Town sì ga ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ dín ojú rẹ̀ kù sí 1280 × 720, kí ẹ sì fi í sí fírémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi okùn so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ráúta, ẹ fi Wi-Fi sílẹ̀. Ráúta 4G náà, ojú fèrèsé ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Àti pé bí àwọn ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ inú AutoCAD bá dà bí ẹni pé wọ́n fi omi nù ún, ojú yín kọ́ ló ń ṣe yín. Láti dín dátà kù, ètò tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ máa ń gé àwọ̀ kúrú, ìyẹn 4:2:0. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 4:4:4 sí nínú ètò rẹ̀, èyí tí kì í gé àwọ̀. Amazon DCV, ètò tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ náà, ní in, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ẹ̀rọ Amazon. Parsec, irú ètò bẹ́ẹ̀, náà ní in fún àwọn tó ń sanwó.

Ayàwòrán Ọba-Ilé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti kọ̀wé béèrè fún ẹ̀rọ náà. Lóòótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ o: bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí mo yọ jáde jẹ́ 14MB. Ìbéèrè mi ni: èló ni dátà tó máa jẹ? Àti pé mo ní tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣé mo lè fi ṣe é ní sáìtì?

Onírẹ́ńdà Ìjàpọ̀

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bó bá ń wọlé ní 5Mbps, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 2.25GB. Ní 10Mbps, 4.5GB. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ní 5Mbps, 13.5GB ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí rẹ́ńdà bá ń lọ tí ẹ ti já kúrò, dátà yín kò lọ rárá.

Ọgbọ́n kan tó ti bá mi dín ìnáwó ńlá kù: ẹ má ṣe wa ohun tó wúwo sórí láàpútọ́ọ̀pù yín kí ẹ tó tún gbé e lọ sókè. Ẹ ṣí bíráósà inú ẹ̀rọ àyálò náà gan-an, kí ẹ wa àwòrán igi, òkúta, kápẹ́ẹ̀tì, àti Blender fúnra rẹ̀ láti ibẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ yára gan-an, kò sì kan dátà yín. Fáìlì tí ẹ bá yà nílé nìkan ni kẹ́ ẹ fi Google Drive tàbí OneDrive gbé lọ, lóru, tí èrò orí nẹ́tíwọ̀kì bá dínkù.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lo tábúlẹ́ẹ̀tì fún un ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ní ẹ̀bá South Gate yunifásítì wa. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú láti fi ìka ya ilé. Ẹ ra okùn OTG kékeré, kí ẹ fi so máòsì tó ní bọ́tìnnì àárín àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Láìsí bọ́tìnnì àárín yẹn, yíyí ilé po máa fún yín níṣòro. Fún sáìtì, ó dára láti fi han èèyàn, kì í ṣe láti fi yà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, Autodesk ń fún wa ní Revit lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, a sì lè tún un gbà bí a bá ṣì wà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí fún iṣẹ́ tí a ń gbowó lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Revit tí wọ́n jí fọ́ kò gbọ́dọ̀ dé orí ẹ̀rọ àyálò: ẹni tó ni ẹ̀rọ lè ti àkáùntì yín pa, gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Blender kò ní wàhálà yẹn.

Fún ẹni tí kò ní owó rárá, SheepIt wà. Àwọn èèyàn kárí ayé ń fi kọ̀ǹpútà wọn bá ara wọn ṣe rẹ́ńdà Blender lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ó ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàka

Akẹ́kọ̀ọ́, o ṣeun. SheepIt dára fún iṣẹ́ kíláàsì. Fún òtẹ́ẹ̀lì oníbàárà tí kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, rárá o. Orí kọ̀ǹpútà ẹni tí a kò mọ̀ ni fáìlì yẹn ń lọ.

Aránṣọ Ìjọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi kì í yàwòrán ilé, aṣọ ni mò ń rán, CLO ni mo sì ń lò, èyí tó ń fi aṣọ wọ èèyàn lójú kọ̀ǹpútà kí a tó gé e. Káàdì àwòrán ló fẹ́. Mo máa ń yá ẹ̀rọ fún wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ìyàwó bá ń bọ̀ wá wo gọ́ọ̀nù. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sójú tábìlì, ìyàwó rí bí léèsì rẹ̀ ṣe máa ṣubú lẹ́yìn, ó ní kí n gbé ọrùn sókè díẹ̀, mo gbé e, ó rí i lójú ẹsẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ léèsì tí wọ́n ra ní owó gegere. Ẹni tó mọ ohun tí ó jẹ́ láti gé léèsì ẹlòmíràn bà jẹ́ á mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́.

Ọmọ mi, ṣí ẹ̀rọ náà ní ogún ìṣẹ́jú kí oníbàárà tó dé. Ó máa ń pẹ́ kó tó jí.

Atẹ̀wé Àrákàlẹ̀

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ o. Ohun tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ àyálò, wọ́n ti fún un mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹ tó gbé bánà tàbí pátákó ìpolówó wá sọ́dọ̀ wa, ẹ wa fáìlì náà sílẹ̀, kí ẹ wò ó lórí ẹ̀rọ tiyín. Àti pé ẹ̀rọ àyálò kò pọn dandan fún CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya iṣẹ́ títẹ̀. Káàdì ìkésíni àti bánà, láàpútọ́ọ̀pù 8GB ń gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

Ọmọ Oǹdó

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kọ̀ǹpútà alágbára sí ọ́fíìsì, kò nílò láti yá ti òkè òkun. Tèmi wà nílé ní Oǹdó lórí ìnfátà àti sọ́là, mo sì máa ń wà ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Chrome Remote Desktop ni mo fi ń wọ inú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi í sínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà) kó máa tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì padà dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa bẹ aládùúgbò kó bá yín tẹ bọ́tìnnì.

Onísáfà Òkè-Àró

Ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ló ti máa ń dun èèyàn. Bí ẹ bá já kúrò lórí ẹ̀rọ náà, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ó ṣì ń ka owó. Bí wákàtí kan bá jẹ́ sẹ́ńtì 70, ẹ̀rọ tí ẹ gbàgbé fún oṣù kan, ìyẹn wákàtí 720, á di dọ́là 504. Ẹ fi Stop pa á. Lẹ́yìn Stop pàápàá, díìsìkì tí fáìlì yín wà lórí rẹ̀ ṣì ń gba owó díẹ̀ títí ẹ ó fi pa á rẹ́ pátápátá.

Ohun tí mò ń ṣe: bí mo bá ti wọlé, mo máa ń ṣí Command Prompt, mo máa ń kọ shutdown -s -t 10800. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, Windows á pa ara rẹ̀, bí ẹ kò bá sì yí ètò padà, ẹ̀rọ Amazon á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tún ṣètò kí wọ́n fi ímeèlì kì yín nílọ̀ bí owó bá ti dé dọ́là 10. Dátà tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wọn náà ní owó, ṣùgbọ́n 100GB àkọ́kọ́ lóṣù jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún káàdì, ẹ bi báǹkì yín bóyá káàdì náírà yín ń sanwó lókè òkun àti iye tó lè san lóṣù. Tí kò bá tó, àkáùntì dọ́là ni.

Ayàwòrán Ọba-Ilé

Mo padà wá jábọ̀. Fáìlì náà ti wálẹ̀ sí 210MB, láàpútọ́ọ̀pù mi sì ń ṣí i. Wákàtí 26 ni mo fi yá ẹ̀rọ náà, òru ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwòrán 14 ló jáde. Ìgbà méjì ni iná lọ lóru kan náà ní Ọba-Ilé, mo sùn, n kò dìde. Oníbàárà ti fọwọ́ sí i ní àná. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí ni ẹ ràn mí lọ́wọ́ báyìí. Ọlọ́run á san án fún yín.

Oníbàárà náà wá ní òun tún fẹ́ fídíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tó rìn láti géètì dé ibi omi ìwẹ̀. Ṣé kí n ní kí Blender gbé e jáde ní MP4 tààrà?

Onírẹ́ńdà Ìjàpọ̀

Ẹ kú oríire! Ẹ má ṣe MP4 tààrà. Ẹ gbé e jáde ní PNG, ìyẹn fáìlì àwòrán, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ní fírémù 30 jẹ́ àwòrán 900. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, wákàtí 30 nìyẹn, nítorí náà ẹ lọ lo ẹ̀rọ Spot, ìyẹn ẹ̀rọ Amazon tí kò sẹ́ni tó ń lò lọ́wọ́, ó dínwó gan-an. Amazon lè gbà á padà nígbàkigbà, ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fúnni, ṣùgbọ́n PNG tó ti jáde ti jáde. Ẹ ṣáà fi wọ́n sórí Drive bí wọ́n ṣe ń jáde, má ṣe fi wọ́n sórí ẹ̀rọ náà nìkan. Bí wọ́n bá gbà á ní 400, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní 401. Tó bá pé 900, ẹ so wọ́n pọ̀ sí fídíò lórí láàpútọ́ọ̀pù yín, ìyẹn kò wúwo.

Ayàwòrán Ọba-Ilé

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Drive báyìí lórí fóònù: 0212.png ti wọlé.